Bọ́tìnnì Mẹ́ta fún Adìyẹ

Ọjọ́ tí mo kọ́kọ́ rí i, ó fi ìborùn rẹ̀ wé éà-fúráyà bí ọmọ tuntun, ó gbé e sáyà, ó dúró lẹ́nu ọ̀nà ṣọ́ọ̀bù mi, ó ń mí hẹlẹhẹlẹ.

Ẹ̀yin tí ẹ kò bá mọ éà-fúráyà, àpótí dúdú kan ni, ó rí bí orí òmìrán tí wọn kò ṣe ojú sí. Afẹ́fẹ́ gbígbóná ló fi ń dín nǹkan, kò fi bẹ́ẹ̀ gba epo. Iṣẹ́ tèmi ni kí n máa tún irú wọn ṣe: bíléńdà, kẹ́tùlù oníná, ìkòkò ìrẹsì oníná, ohun gbogbo tí èèyàn lè gbé ka orí tábìlì kó fi se oúnjẹ. Bí mo bá ní kí n ka iye kẹ́tùlù tí mo ti jí dìde nínú òkú, ibí la máa wà títí irun imú wa á fi funfun.

"Ẹ jọ̀ọ́, ọ̀gá," ó ní, "kò mí mọ́."

"Ẹ ò fún un lọ́mú ni?"

Ó wò mí láti òkè dé ilẹ̀. Ó rí tẹ́ẹ́rẹ́, ojú rẹ̀ sì mú. Mo rò pé èébú ló kàn.

"Mo fún un," ó ní. "Ó gé mi jẹ."

Háà! Ṣe ni ó dà bíi pé wọ́n fi wáyà tó ní iná kàn mí láyà. Mo ti pa gbogbo àdúgbò lẹ́rìn-ín, kò tíì sí ẹni tó fún mi lésì rí. Mo sọ ọ́ ní Abẹ́rẹ́ lójú ẹsẹ̀. Aránṣọ sì ni lóòótọ́. Èmi, Ọ̀gá Wáyà ni gbogbo ayé ń pè mí.

Ìdọ̀tí ló dí fáànù ẹ̀rọ náà. Mo tún un ṣe, mo ní dandan, èmi ni màá gbé e délé. Àjà kẹrin ni òun àti ìyá rẹ̀ ń gbé. Àtẹ̀gùn ilé yẹn gùn débi pé ẹni tó bá gbéra nísàlẹ̀ ní ọ̀dọ́, ọ̀pá ló máa fi dé òkè. Yàrá kan ṣoṣo ni, ó sì kéré tó jẹ́ pé bí eèrà bá fẹ́ yí padà, àfi kó kọ́kọ́ jáde síta. Kò sí ilé ìdáná. Onílé ti kìlọ̀ pé òun ò gbọ́dọ̀ rí sítóòfù tàbí gáàsì. Orí tábìlì kan lẹ́bàá fèrèsé ni wọ́n ti ń se gbogbo oúnjẹ wọn, sọ́kẹ́ẹ̀tì kan ṣoṣo ló sì wà. Bí wọ́n bá tan ẹ̀rọ méjì pọ̀, iná gbogbo ilé á kú, gbogbo ilé á sì bú wọn.

"Ta ló ń mí bí ẹṣin yẹn?" ìyá rẹ̀ béèrè láti orí àpótí ìjókòó rẹ̀.

"Ẹni tó tún ẹ̀rọ yín ṣe ni, Màmá."

"Ẹ̀rọ náà mọ mímí jù ú lọ. Jókòó, ọkọ mi, kí n fún ẹ ní ọ̀dùnkún."

Ìgbà yẹn ni mo rí i pé Màmá kò ríran. Ojú wọn ti fọ́ láti ọdún mẹ́ta, àmọ́ wọn kò jẹ́ kí ẹnikẹ́ni dáná fún wọn. Abẹ́rẹ́ ti fi gọ́ọ̀mù lẹ bọ́tìnnì aṣọ yí ibi tí wọ́n ti ń yí ẹ̀rọ náà ká: bọ́tìnnì kan fún búrẹ́dì, méjì fún ọ̀dùnkún, mẹ́ta fún adìyẹ. Màmá á fi ìka wá a, wọ́n á yí i, wọ́n á dẹ etí sílẹ̀. Bí agogo bá ti dún gbín, ó jinná nìyẹn.

"Mo lè má rí ojú ọmọ mi mọ́," wọ́n ní, "ṣùgbọ́n èmi ni mo ṣì ń bọ́ ọ."

Láti ọjọ́ yẹn, mi ò kúrò níbẹ̀ mọ́. Bí kẹ́tùlù wọn kò bá bàjẹ́, màá ní mo wá wò ó bóyá ó fẹ́ bàjẹ́. Oṣù mẹ́rin ò pé tí mo fi sọ fún Abẹ́rẹ́ pé mo fẹ́ràn rẹ̀ ju oorun lọ.

"Oorun ọ̀sán àbí ti òru?"

"Méjèèjì, olólùfẹ́ mi, pẹ̀lú èyí tí mò ń sùn níbi ìwàásù."

Ó rẹ́rìn-ín títí ó fi jókòó sílẹ̀. Ó ní òun náà fẹ́ràn mi. Ó ní láti ìgbà tí ojú ìyá òun ti fọ́, èmi ni mo kọ́kọ́ mú ẹ̀rín wọ yàrá náà.

Ẹnì kan ló kù. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ọkùnrin, tíṣà, ń gbé ní ìlú mìíràn. Láti ìgbà tí bàbá wọn ti kú, ohun tó bá sọ ni abẹ gé. Wọ́n ti ròyìn mi fún un. Ó pe àbúrò rẹ̀ lórí fóònù, ohùn rẹ̀ sì jáde débi tí mo jókòó sí.

"Ṣé aláwàdà lo fẹ́ fẹ́? Ilé ọkọ lò ń lọ ni àbí ilé eré?"

Ó ní òun ń bọ̀ lọ́jọ́ Sunday, aago méjì, láti wá fojú ara òun rí mi. Bí ó bá mi orí, ìgbéyàwó dé. Bí ó bá gbọn orí, ó parí.

Thursday ọ̀sẹ̀ náà ni Abẹ́rẹ́ tún gbé ẹ̀rọ wá.

"Ó ń ṣiṣẹ́, agogo rẹ̀ ni kò dún mọ́. Màmá ní àwọn fúnra àwọn ló máa dín adìyẹ fún bùrọ̀dá. Láìsí agogo, wọn ò ní mọ ìgbà tó jinná." Ó fi ìka tọ́ mi nímú. "Jọ̀ọ́, ọkàn mi, má fi èyí ṣeré o."

"Èmi? Ṣeré?"

Mi ò ní irú agogo náà. Mo lè wá a kiri, mo mọ ibi tí wọ́n ń tà á. Ṣùgbọ́n aago kan wà ní ìdí ògiri mi, èyí tó máa ń kọ bí àkùkọ láti jí èèyàn. Ọwọ́ bẹ̀rẹ̀ sí í yún mi. Mo tú ohùn àkùkọ náà, mo so ó mọ́ ẹ̀rọ Màmá. Nígbà tí mo dán an wò, ó kọ débi pé àgbébọ̀ mẹ́ta ládùúgbò fẹ́ẹ̀ kẹ́rù wá bá a.

Ẹ gbọ́ èrò mi. Màá ti jókòó sọ́dọ̀ wọn kó tó jinná. Adìyẹ tí a ti pa yóò kọ kéékèé nínú àpótí, èmi á jẹ́wọ́, Màmá á rẹ́rìn-ín, tíṣà á rẹ́rìn-ín. Ẹni tó bá ti bá ẹ rẹ́rìn-ín, ó ṣòro kó tún lé ẹ. Mi ò sọ fún Màmá. Mi ò sọ fún Abẹ́rẹ́. Bí mo bá sọ, kí ló kù nínú eré? Òwúrọ̀ Sunday ni mo tó gbé ẹ̀rọ náà padà fún wọn, kí wọ́n má baà gbọ́ ọ ṣáájú.

Ohun tí mo gbàgbé ni sọ́kẹ́ẹ̀tì. Torí pé ọ̀kan ṣoṣo ni, Màmá kò lè dín adìyẹ kí wọ́n sì se ìrẹsì lẹ́ẹ̀kan náà. Adìyẹ ló kọ́kọ́ wọlé, nígbà tí èmi ṣì wà níwájú dígí onígbàjámọ̀, tí Abẹ́rẹ́ sì lọ pàdé ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ní ibùdókọ̀.

Ẹnu ọ̀nà ìsàlẹ̀ ni èmi àti àwọn méjèèjì ti pàdé. Mo dọ̀bálẹ̀ gbọọrọ. Tíṣà gbá mi léjìká, ó tiẹ̀ rẹ́rìn-ín músẹ́.

"Dìde, Ọ̀gá Wáyà. Wọ́n ní o máa ń sọ̀rọ̀. Kí ló dé tí o yadi?"

Mo dìde, inú mi dùn, a ń gun òkè, òórùn adìyẹ ń ta sánsán bọ̀ wá pàdé wa. Láàárín àjà kẹta sí ìkẹrin la ti rí Màmá, wọ́n nà sílẹ̀ lórí àtẹ̀gùn, ẹsẹ̀ wọn kan yí síbi tí ẹsẹ̀ kì í yí sí.

"Màmá! Kí ló ṣẹlẹ̀?"

"Adìyẹ yẹn kọ," wọ́n ní. "Adìyẹ tí mo fọwọ́ ara mi kun iyọ̀ sí lára, ó kọ. Mo ní kí n sá jáde."

Tíṣà rò pé orí ìyá òun ti dàrú. Abẹ́rẹ́ kò rò bẹ́ẹ̀. Ó yíjú, ó wò mí. Mi ò tíì rí ojú tó ṣófo bẹ́ẹ̀ rí.

Egungun ìbàdí ló ṣẹ́. Ní ọsibítù, mo kúnlẹ̀, mo jẹ́wọ́.

"Afọ́jú lo fi ṣeré?" tíṣà béèrè. Ó tún un béèrè. Kò bú mi. Ì bá sàn kó bú mi.

Màmá ló bẹ̀rẹ̀ sí í rẹ́rìn-ín lórí bẹ́ẹ̀dì, wọ́n ń rẹ́rìn-ín, wọ́n ń fún ojú pọ̀ nítorí ìrora. "Ẹ fi í sílẹ̀. Mo ti dárí jì í. Ẹ jẹ́ kó fẹ́ ọmọ mi, ó kéré tán, ilé wọn ò ní dákẹ́."

Tíṣà wo ìyá rẹ̀, ó wò mí. Lẹ́yìn náà ó mi orí. Ẹ̀yin èèyàn mi, ó mi orí!

Ṣùgbọ́n Abẹ́rẹ́ jáde kúrò ní wọ́ọ̀dù.

Màmá kò lè gun àtẹ̀gùn mọ́ láyé. Tíṣà ní yàrá nísàlẹ̀ ní ilé rẹ̀, níbi tí ìyàwó rẹ̀ á máa se oúnjẹ, tí á sì máa fi ṣíbí bọ́ Màmá. Lọ́jọ́ tí Màmá àti Abẹ́rẹ́ ń kó lọ síbẹ̀, èmi ni mo gbé ẹ̀rọ ìránṣọ Abẹ́rẹ́ sọ̀kalẹ̀.

"Wọ́n ti gbà," mo ní. "Màmá gbà, bùrọ̀dá gbà. Ìwọ ńkọ́, olólùfẹ́ mi?"

"Mi ò bínú sí ẹ mọ́."

"Nígbà náà, dúró."

"Ẹ̀rín rẹ ni mo fẹ́ràn," ó ní, omi ń bọ́ lójú rẹ̀. "Ní báyìí, bí o bá ti fẹ́ rẹ́rìn-ín, ara mi á bu máṣọ, màá máa wá ibi tí ìyá mi wà. Ṣé irú ilé bẹ́ẹ̀ la fẹ́ kọ́?"

Mo gbé ẹ̀rọ ìránṣọ rẹ̀ wọ inú ọkọ̀.

Ó wọ ọkọ̀, ó ti ilẹ̀kùn. Kò bojú wẹ̀yìn. Ọkọ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í lọ, ìgbà náà ni Màmá na ọwọ́ jáde lójú fèrèsé, wọ́n ń juwọ́ sí mi, wọ́n ń rẹ́rìn-ín. Ṣùgbọ́n òdìkejì títì ni wọ́n ń juwọ́ sí, níbi tí kò sí ẹnikẹ́ni.

Mo sáré sọdá títì, mo lọ dúró síbi tí ọwọ́ náà dojú kọ.