Obìnrin Tó Ń Sùn Nídìí Ọ̀rọ̀ Ekòló

Ìlà kejì gan-an ló jókòó sí, aṣọ nọ́ọ̀sì funfun báláú lọ́rùn rẹ̀, orí rẹ̀ fẹ̀yìn ti àga, ẹnu rẹ̀ là díẹ̀, ó ń sùn fọnfọn. Lórí pèpéle, ọ̀rọ̀ ta kókó lẹ́ẹ̀mejì lẹ́nu olùkọ́ tó ń ṣàlàyé bí ekòló ṣe ń fi awọ ara mí. Ẹ gbà mí o! Ọ̀rọ̀ tí ọkùnrin ti ń múra ẹ̀ bọ̀ látọjọ́ yìí! Obìnrin náà tún wá rẹwà lójú oorun, ìyẹn gan-an ló bí i nínú jù.

Ọ̀sọ̀ọ̀sẹ̀ ni ẹ̀ka iṣẹ́-ọnà àti sáyẹ́ǹsì yunifásítì náà máa ń ṣí gbọ̀ngàn wọn sílẹ̀ fún gbogbo ará ìlú. Lónìí, ẹnì kan á sọ̀rọ̀ nípa ìràwọ̀. Lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀, àwọn akẹ́kọ̀ọ́ á ṣeré orí ìtàgé. Níbi eré, nọ́ọ̀sì yìí ló ń pàtẹ́wọ́ ju gbogbo èèyàn lọ. Ọ̀rọ̀ ekòló nìkan ló ń sùn sí. Nígbà tó di ẹ̀ẹ̀kẹta, olùkọ́ lọ dúró dè é lẹ́nu ọ̀nà.

"Ẹ kú oorun o, mà."

"Yéè! Ẹ rí mi?"

"Ẹni tó ń hanrun, ṣé ó ń fara pamọ́ ni?"

"Irọ́ ni o, èmi kì í hanrun!" Wọ́n jọ bú sẹ́rìn-ín. Àmọ́ ojú ti obìnrin náà. "Ẹ má bínú, sà. Iṣẹ́ alẹ́ ni mò ń ṣe ní wọ́ọ̀dù àwọn ọmọdé. Látìgbà tí màmá mi ti kú, tí mo bá délé, ojú mi á kàn là sílẹ̀ ni. Àfi tí mo bá gbọ́ ohùn yín. Ńṣe ló máa ń dà bíi pé kò sóhun tó lè ṣe mí."

Ta ló máa gbọ́ irú èyí tí ọkàn ẹ̀ ò ní yọ́?

Bí eré bí àwàdà, wọ́n di olólùfẹ́ ara wọn. Ọkùnrin ń pè é ní Olóorun Mi, òun náà ń pè é ní Ọkọ Ekòló. Lọ́jọ́ tí olùkọ́ ní kó fẹ́ òun, obìnrin náà gbà, ó sì fi kún un pé: "Àmọ́ mi ò ní wọlé ọkọ tí ẹ̀gbọ́n rẹ ò bá fẹ́ mi o."

Wàhálà wá dé. Ẹ̀gbọ́n olùkọ́ yìí, obìnrin kan tó ń ránṣọ, ló tọ́ ọ dàgbà lẹ́yìn ikú òbí wọn, olùkọ́ kò sì lè ṣe ohun tí kò bá dùn mọ́ ọn nínú. Ẹ̀gbọ́n sì ti wá sí gbọ̀ngàn lọ́jọ́ kan, ó ti rí nọ́ọ̀sì.

"Èyí tó sùn lọ nígbà tó ò ń sọ̀rọ̀ níwájú gbogbo ayé? Kò kà ọ́ sí! Kó máa wá ọkọ lọ síbòmíì."

Bí olùkọ́ ṣe bẹ̀bẹ̀ tó, ẹ̀gbọ́n ò gbà. Ní òwúrọ̀ Sátidé, bí nọ́ọ̀sì ṣe ń ti ibi iṣẹ́ bọ̀, olùkọ́ mú un lọ tààrà sí ṣọ́ọ̀bù ẹ̀gbọ́n.

"Ẹ káàárọ̀, mà."

Ẹ̀gbọ́n ò dáwọ́ aṣọ tó ń gé dúró. "Ìwọ lo fi àbúrò mi ṣẹ̀sín?"

"Rárá o, mà. Ohùn wọn nìkan ló ń fọkàn mi balẹ̀ tí mo fi ń rí oorun sùn."

"Ẹnu dùn-ún ròfọ́! Jókòó síbẹ̀ yẹn." Ó kọjú sí àbúrò rẹ̀. "Ìwọ, sọ̀rọ̀ ekòló yẹn, kí n fojú ara mi rí i."

Olùkọ́ bẹ̀rẹ̀. Tí obìnrin yìí ò bá sùn, òpùrọ́ ni; tó bá sùn, aláfojúdi ni. Ọ̀nà wo ló wá fẹ́ gbà yọ? Ó ṣàlàyé bí ekòló ṣe ń la ilẹ̀ kí omi lè rí ibi gbà wọlé. Kò pẹ́, orí nọ́ọ̀sì tẹ̀, ó sì rọra ṣubú sórí òkìtì aṣọ tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀.

Ẹ̀gbọ́n dìde.

Ó bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó wo ẹsẹ̀ nọ́ọ̀sì tó ti wú nítorí ìdúró. Ó bá a bọ́ bàtà rẹ̀, ọ̀kan tẹ̀ lé èkejì. "Ọmọ ọlọ́mọ," ó ní, "ó ti rẹ̀ ẹ́ tó báyìí?" Ó wá yọ téèpù tó fi ń wọn aṣọ kúrò lọ́rùn ara rẹ̀, ó fi wọn èjìká nọ́ọ̀sì.

Olùkọ́ dákẹ́, omi lé ròrò sójú rẹ̀. "Ẹ̀gbọ́n mi..."

"Ta ló ní kó o dákẹ́? Ṣé o fẹ́ kó jí ni?" Ohùn jẹ́jẹ́ ló fi sọ ọ́. "Máa sọ̀rọ̀ ekòló ẹ lọ, jàre. Aṣọ ìgbéyàwó kì í ṣe ohun tá a máa ń méfò rán. Mi ò tíì wọn ìbàdí ẹ̀."