Ọ̀nà Abẹ́lẹ̀ Inú Kọ̀ǹpútà Ọmọ Mi

Kí n tó ka ẹ̀ṣẹ̀ ẹlòmíràn sí yín létí, ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ ka tèmi. Ní ọ̀dẹ̀dẹ̀ ilé wa ni mo kúnlẹ̀ sí lọ́jọ́ náà, mo ti ojú kan bọ ihò kọ́kọ́rọ́ yàrá ayálégbé wa, ìdí mi sì ga sókè bí òkè ńlá. Mo fẹ́ rí ohun tí ọkùnrin náà ń fi kọ̀ǹpútà kékeré rẹ̀ ṣe. Yàrá náà dákẹ́ rọ́rọ́. Mo ní hẹn-ẹn, ó ti mọ̀ pé mò ń ṣọ́ òun. Àfi bí mo ṣe gbọ́ ohùn lẹ́yìn mi.

"Ìyá, ṣé ẹ ń wá nǹkan ni?"

Bùọ̀dá Aago, ayálégbé náà fúnra rẹ̀ ni. Ilé ìwẹ̀ ló ti ń bọ̀, aṣọ ìnura wà léjìká rẹ̀. Mo ní yẹtí mi ló já bọ́. Ó wo etí mi ọ̀tún, ó wo tòsì. Yẹtí méjèèjì wà níbẹ̀ digbí, wọ́n ń dán yanranyanran. Ó fà mí dìde nítorí orúnkún mi ti gan, ó wọlé, ó sì rọra ti ilẹ̀kùn. Bó ṣe rọra tì í yẹn gan-an ló tún dá kún ìfura mi. Mo ní ẹni tí kò bá fi nǹkan pa mọ́, ṣe ló yẹ kó gbá ilẹ̀kùn.

Ohun tó gbé mi dé ìdí ihò kọ́kọ́rọ́ rèé. Ọmọ mi obìnrin, tí mò ń bá gbé, ń bá ilé ìwòsàn ńlá kan ṣiṣẹ́ láti ilé. Àwọn dókítà á sọ ọ̀rọ̀ àwọn aláìsàn sínú ẹ̀rọ, ọmọ mi á gbọ́ ọ, á tẹ̀ ẹ́, á sì fi ohùn àti ìwé ránṣẹ́ padà. Kọ̀ǹpútà tí wọ́n fi ètò tí wọ́n ń pè ní Línúùsì darí ló ń lò, ó wà lórí tábìlì pálọ̀, láàárín fèrèsé àti tẹlifíṣọ̀n. Ọ̀rọ̀ àìsàn kì í ṣe ohun tí gbogbo ayé ń gbọ́, ìdí nìyí tí ilé ìwòsàn náà fi ṣe ọ̀nà abẹ́lẹ̀ kan sínú kọ̀ǹpútà ọ̀hún. Ohun tó bá gba inú rẹ̀, kò sẹ́ni tó lè rí i lójú ọ̀nà. Ilé wa ló ti ń gbéra, ilé ìwòsàn ló ń já sí. Ọmọ mi sì ti kìlọ̀ pé lẹ́yìn òun, ẹnikẹ́ni ò gbọ́dọ̀ fọwọ́ kan kọ̀ǹpútà náà.

Ṣùgbọ́n nǹkan bẹ̀rẹ̀ sí í yí bírí. Ní ìrọ̀lẹ́, tí ọmọ mi bá ti ní kí iṣẹ́ ọjọ́ náà máa lọ, tó lọ wẹ̀, tó fi ẹ̀yìn lélẹ̀ díẹ̀, yóò padà dé bá a pé ìwé kéékèèké ti lọ, àwọn ohùn ńláńlá sì há sọ́nà bí egungun há lọ́fun. Kó máa jókòó báyìí láti wò ó, gbogbo rẹ̀ á bẹ̀rẹ̀ sí í lọ wọ́ọ́rọ́wọ́. Lọ́jọ́ kan ni ilé ìwòsàn pè é. Wọ́n ní ní ìrọ̀lẹ́, ọ̀nà abẹ́lẹ̀ tirẹ̀ kì í ti ilé wa wá mọ́, ìlú òkèèrè kan tí wọn kò mọ̀ ló ti ń yọ. Wọ́n bi í pé ta ló ta kọ́kọ́rọ́ tó fi ń ṣí ọ̀nà náà fún. Bí kò bá rí àlàyé ṣe kí ọ̀sẹ̀ tó parí, wọn yóò gba kọ́kọ́rọ́ lọ́wọ́ rẹ̀, wọn yóò sì gba iṣẹ́ mọ́ ọn lọ́wọ́. Iṣẹ́ yẹn nìkan ló ń gbé wa ró.

Èmi ni mo sọ̀rọ̀, mo sì sọ ọ́ kọjá ààlà. Mo ní ta ló máa ń wọlé lákòókò yẹn gan-an? Bùọ̀dá Aago ni, tó ń ti ṣọ́ọ̀bù tó ti ń tún aago ọwọ́ ṣe bọ̀, tí a sì jọ ń lo nẹ́tíwọ́ọ̀kì kan náà. Ọkùnrin tí irin iṣẹ́ rẹ̀ tín-ín-rín bí irun orí, tó ń rìn tí ilẹ̀ kì í gbọ́. Mo ní èmi gan-an ni ẹlẹ́rìí. Lójoojúmọ́ ni mo máa ń wà ní pálọ̀ nígbà tó bá ń wọlé, tí mò ń wo ìjàkadì mi orí tẹlifíṣọ̀n tí Abẹ́rẹ́ máa ń bá mi ṣí. "Ohun tó wà lẹ́yìn ẹ̀fà ju èje lọ," mo wí.

"Ìyá mi, a ò tíì mọ̀ o," ni ọmọ mi dáhùn.

Abẹ́rẹ́ lọ́mọ ọmọ mi. Ó tín-ín-rín, orí rẹ̀ sì mú bí orúkọ rẹ̀. Nínú kíláàsì rẹ̀, kò sẹ́ni tó mọ kọ̀ǹpútà tó o. Ó dúró lẹ́nu ọ̀nà ilé ìdáná, ó ń gé èékánná jẹ. Mo bi í bóyá èèyàn lè ti inú yàrá Bùọ̀dá Aago wọnú kọ̀ǹpútà pálọ̀. Ó wo ilẹ̀ títí, ó ní, "Ó ṣeé ṣe, Ìyá àgbà."

Ó ṣeé ṣe! Kí ni mo tún ń wá? Lọ́jọ́ kejì, mo dá ọkùnrin náà dúró lẹ́nu ọ̀nà, lójú àwọn ará ilé kejì, mo ní kó tú àpò rẹ̀. Abẹ́rẹ́ ló bá mi di ẹnu àpò náà mú. Aago tó ń ṣàìsàn ló kún inú rẹ̀, pẹ̀lú ìṣó kéékèèké tí mo dà sílẹ̀ tí òun fúnra rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ tó ń ṣà. Mi ò rí nǹkan kan, síbẹ̀ mo sọ fún aránṣọ, mo sọ fún onígbàjámọ̀, mo sọ fún ẹni tí kò tilẹ̀ bi mí, pé olè kọ̀ǹpútà ń bẹ nílé wa. Àwọn tó ti gbé aago fún un bẹ̀rẹ̀ sí í gbà á padà. Ó wá bá ọmọ mi, ó ní òun yóò kó lọ.

Kí ọ̀sẹ̀ náà tó parí, ilé ìwòsàn rán obìnrin tó ń mójú tó nẹ́tíwọ́ọ̀kì wọn wá. Obìnrin náà kì í rẹ́rìn-ín, gbogbo wa pátá ló fura sí, títí kan èmi arúgbó. Ó jókòó sí ìdí kọ̀ǹpútà, ó ń tẹ ọ̀rọ̀ funfun sójú dúdú. Mo sún mọ́ ọn, mo bi í ohun tó ń ṣe. Ó ní inú kọ̀ǹpútà ni àkójọ ọ̀nà wà, ó dà bí ẹni tó dúró sí oríta, tó ń sọ fún ẹrù pé ìwọ gba ọ̀tún, ìwọ gba òsì. Bí ẹnìkan bá wá fi ọ̀nà mìíràn sí i tó ní kí gbogbo ẹrù máa gba ọ̀dọ̀ òun, ọ̀nà abẹ́lẹ̀ ilé ìwòsàn pàápàá yóò kó wọnú rẹ̀. Ọ̀nà abẹ́lẹ̀ nínú ọ̀nà abẹ́lẹ̀ nìyẹn, àyè á fún. Ẹrù kékeré á kọjá, ẹrù ńlá á há.

Ó ní òun fẹ́ rán ìránṣẹ́ lọ sí ilé ìwòsàn láti mọ̀ bí ọ̀nà bá dán. Ó rán kékeré, ó lọ, ó bọ̀. Ó rán ńlá, ìyẹn náà bọ̀.

"Kò sí àìsàn lára rẹ̀ báyìí," ó wí. "Nǹkan náà ń wá, ó sì ń lọ. Ẹnìkan ló ń gbé e wá, òun náà ló ń gbé e lọ."

Ó fi ojú yí gbogbo wa ká. Ó ní òun yóò jókòó títí di àkókò rẹ̀. Inú mi dùn bíi ti ológbò tó jókòó ti ihò èkúté.

Ìrọ̀lẹ́ lẹ́. Bùọ̀dá Aago wọlé, ó kí wa, a dá a lóhùn láàbọ̀. Obìnrin náà ní kó ṣí kọ̀ǹpútà rẹ̀ bó ṣe máa ń ṣí i, kó sì fi ilẹ̀kùn sílẹ̀ gbayawu. Ó ṣe bẹ́ẹ̀. A ń wò. Ìránṣẹ́ ńlá ń lọ, ó ń bọ̀. Gbogbo ohùn tí ọmọ mi fi ránṣẹ́ lọ láìku ẹyọ kan. Ẹ wo ìbínú tó gbé mi.

Obìnrin náà yí àga rẹ̀ padà. "Ọkùnrin yìí ti ṣe gbogbo ohun tó máa ń ṣe, nǹkan náà ò wá. Kí ló máa ń ṣẹlẹ̀ nílé yìí lákòókò yìí tí kò ṣẹlẹ̀ lónìí?"

Ẹnu mi yìí tún là. "Ìjàkadì mi nìkan ni," mo fi ìbínú dáhùn. "Ẹ jókòó sídìí kọ̀ǹpútà látàárọ̀, Abẹ́rẹ́ ò ráàyè bá mi ṣí i."

Ọmọ mi rọra yíjú sí Abẹ́rẹ́. Èmi tí mo rò pé inú tẹlifíṣọ̀n ni ìjàkadì ń gbé, pé wáyà lásán ni Abẹ́rẹ́ ń so nídìí kọ̀ǹpútà! Obìnrin náà ti padà sẹ́nu iṣẹ́, ó ti ṣí ibi tí wọ́n ń tọ́jú ètò àwọn ọ̀nà sí. Fáìlì ilé ìwòsàn wà níbẹ̀, òmíràn sì wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Ó ka orúkọ rẹ̀ sókè: "Ìyá-àgbà." Ó ní ta ló ń jẹ́ bẹ́ẹ̀. Mo nawọ́ sókè bí ọmọ iléèwé.

Abẹ́rẹ́ bú sẹ́kún. Ọmọ kíláàsì rẹ̀ kan tí wọ́n ń pè ní Ọ̀fẹ́, nítorí ohun ọ̀fẹ́ kì í wọ́n ọn, ló fún un ní fáìlì náà. Wọn kì í fi ìjàkadì yẹn hàn ní ìlú wa, àfi kéèyàn gba ìlú mìíràn kọjá. Tí ìyá rẹ̀ bá ti lọ wẹ̀, á yọ wáyà nínú àpò ìwé rẹ̀, á fi so kọ̀ǹpútà mọ́ tẹlifíṣọ̀n, á ṣí ọ̀nà Ọ̀fẹ́. Kí ìyá rẹ̀ tó jáde, á ti pa á, á tú wáyà. Ọjọ́ tí ilé ìwòsàn pè ló ti mọ̀ pé ọwọ́ òun ló ṣe é. Ó ní òun fẹ́ dá a dúró. Òótọ́ ni. Ó bẹ̀ mí pé ká fi ìjàkadì sílẹ̀ fúngbà díẹ̀, mo ní ṣé ó fẹ́ kí n kú láìmọ ẹni tó borí ni.

"Ta ló ni ẹ̀rọ tó wà ní òpin ọ̀nà náà?" obìnrin náà bi í.

Abẹ́rẹ́ ò mọ̀ ọ́n. Ọ̀fẹ́ náà ò mọ̀ ọ́n.

Orí yọ wá. Ọ̀nà abẹ́lẹ̀ ilé ìwòsàn kò ṣí nínú ọ̀nà kejì, ẹnikẹ́ni kò sì ka ọ̀rọ̀ àwọn aláìsàn. Wọn kò gba iṣẹ́ lọ́wọ́ ọmọ mi, ṣùgbọ́n wọ́n gbé kọ̀ǹpútà lọ. Ní báyìí, kí ilẹ̀ tó mọ́ dáadáa ló ń jáde lọ síbi iṣẹ́, tó ń padà pẹ̀lú ẹsẹ̀ wíwú. Èmi àti Abẹ́rẹ́ lọ láti ilé dé ilé, à ń sọ pé ọkùnrin náà kì í ṣe olè. Etí méjèèjì ni wọ́n fi gbọ́ irọ́ mi, ààbọ̀ etí ni wọ́n fi gbọ́ àtúnṣe rẹ̀.

Wọ́n ní àgbà kì í wà lọ́jà kí orí ọmọ tuntun wọ́. Èmi wà níbẹ̀ o, ọwọ́ mi gan-an ló wọ́ orí náà. Ẹ̀yin ọmọ mi tó ń kàwé yìí, ọ̀nà tí ẹ ò bá mọ ẹni tó là á, ẹ má gbà á nítorí pé ọ̀fẹ́ ni. Bí ẹ bá sì ti ṣàṣìṣe, ẹ tètè sọ ọ́ kí ẹlòmíràn tó ru ẹrù yín. Àṣìṣe lásán ni ti Abẹ́rẹ́ lọ́jọ́ àkọ́kọ́. Ìgbà tó dákẹ́, tó di ẹnu àpò aláìṣẹ̀ mú, ló di ìwà ìkà. Àgbà tó bá sì fẹ́ fura, kó kọ́kọ́ fura sí ìdí àga tirẹ̀.

Bùọ̀dá Aago ti kó lọ sí yàrá kan lẹ́yìn ṣọ́ọ̀bù rẹ̀. A lọ bẹ̀ ẹ́ níbẹ̀. Mo sọ gbogbo ohun tó yẹ kí n sọ, mo tún fi omijé sí i, omijé gidi. Ó ní kí n jókòó, ó ní ó ti tán nínú òun. Abẹ́rẹ́ náà bẹ̀ ẹ́, orí rẹ̀ wà nílẹ̀. Ọkùnrin náà yọ awò tó fi ń wo aago kúrò lójú, ó wò ó pẹ́.

"Àbúrò," ó wí, "ká ní ìyá àgbà rẹ ò bínú nítorí ìjàkadì lọ́jọ́ yẹn, ṣé ò bá sọ òótọ́?"