Wọ́n Kó Wọn Wá, Tàbí Wọ́n Wá?

Ní ọjọ́ kọkànlá oṣù kẹfà ọdún 2018, Hortensia Lashley kú ní ìlú Colón, ní orílẹ̀-èdè Panamá. Ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n ni ó fi wà nílé ọkọ.

Egerton, ọkọ rẹ̀, kò sunkún lójú ẹnikẹ́ni. Ó ti fẹ̀yìntì lẹ́nu iṣẹ́ àtúnṣe ẹ́ńjìnnì ọkọ̀ ojú omi, kò sì sí ẹlòmíràn nínú ilé. Ohun tí kò lè fara dà ni bí ilé náà ṣe dákẹ́. Nítorí náà, láràárọ̀, bí ó bá ń fi áyọ́ọ̀nù lọ ẹ̀wù rẹ̀, yóò tan fóònù sílẹ̀, yóò máa gbọ́ pódíkáàsì, àwọn ètò tí àwọn ènìyàn ń ká ohùn wọn sí fún ẹni tó bá fẹ́ gbọ́.

Èyí tí ó fẹ́ràn jù ni ti Dalys Archibold, olùkọ́ tó ti fẹ̀yìntì, tó ń gbé ní Colón náà, tó ń sọ ìtàn àwọn ará Barbados àti Jàmáíkà tí wọ́n gbẹ́ Kánàálì Panamá. Ohùn rẹ̀ tutù, kì í kánjú. Ní ọjọ́ Ìṣẹ́gun kan, ohùn náà ní, “Wọ́n kó àwọn bàbá ńlá wa wá láti Barbados.”

Egerton gbé áyọ́ọ̀nù dúró. “Ta ni wọ́n kó?” ni ó bi fóònù.

Ó wọ bàtà, ó wá ilé obìnrin náà lọ. Àbúrò Dalys ló ṣílẹ̀kùn fún un.

“Ẹ dúró díẹ̀, ẹ jọ̀ọ́. Ẹ̀gbọ́n mi wà nínú kọ́bọ́ọ̀dù aṣọ.”

Kí Egerton tó béèrè ohun tí àgbàlagbà ń wá níbẹ̀, ilẹ̀kùn kọ́bọ́ọ̀dù ṣí. Obìnrin gíga kan yọ jáde láàárín aṣọ, máíkì lọ́wọ́, òógùn lójú, apá aṣọ aláwọ̀ ewé kan sì kọ́ ọ léjìká bí ẹni pé kò fẹ́ kó lọ. Egerton gbàgbé gbogbo gbólóhùn tó ti tò sílẹ̀ lójú ọ̀nà.

“Aṣọ ni kì í jẹ́ kí ohùn dún padà,” ni Dalys wí. “Ẹ̀yin ńkọ́, ta ni mo ṣẹ̀?”

“Bàbá bàbá mi. Ẹ ní wọ́n kó o wá. Àpò sìmẹ́ǹtì kọ́ ni. Ẹsẹ̀ ara rẹ̀ ló fi wọ ọkọ̀. Ó wá ni.”

“Ebi ló tì í wọ ọkọ̀, Ọ̀gbẹ́ni. Ẹni tí ebi tì, ṣé wọn ò kó o?”

“Ebi kọ́ ló lọ kọ orúkọ rẹ̀ sílẹ̀ ní èbúté. Òun fúnra rẹ̀ ni.”

Dalys rẹ́rìn-ín. “Ẹ jókòó. Ẹ ti wá bá mi jà náà, ẹ kúkú mu omi ìsápá.”

Láti ìgbà náà, gbogbo ọjọ́ Ìṣẹ́gun ni Egerton ń lọ síbẹ̀. Wọ́n á gbọ́ ètò ọ̀sẹ̀ náà, wọ́n á jiyàn lórí rẹ̀, wọ́n á jẹ ìrẹsì àti òtílí tí a fi omi àgbọn sè. Dalys ń pè é ní Adájọ́. Òun náà ń pe Dalys ní Tíṣà. Ní oṣù kẹta tó ti ń lọ síbẹ̀, níbi tí iyàn ti gbóná, ó ṣèèṣì sọ pé, “Ìwọ yìí mà lágídí o,” dípò “ẹ̀yin.” Dalys bu ìrẹsì kún àwo Egerton.

“Bẹ́ẹ̀ náà ló tẹ́ mi lọ́rùn,” ni ó wí.

Ní ọ̀sán ọjọ́ kan, Dalys ní òun ti gbà, òun yóò tún gbólóhùn náà sọ lórí ètò. “‘Wọ́n wá’ ni mo máa wí. Ṣùgbọ́n Adájọ́, tó bá jẹ́ pé ó wá fúnra rẹ̀, a jẹ́ pé ó fi ilé sílẹ̀ fúnra rẹ̀ náà nìyẹn. Ta ló fi sílẹ̀?”

Egerton mú fìlà rẹ̀, ó lọ. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ni kò fi yọjú.

Ó mọ ìdáhùn náà. Bàbá rẹ̀ ló sọ ọ́ fún un lórí ibùsùn àìsàn, tó sì ní kó pa á mọ́ sínú. Hortensia pàápàá kú láìgbọ́ ọ. Gbogbo ọjọ́ ayé rẹ̀ ni Egerton fi ń fi “ó wá” yangàn, kò sì jẹ́ kí ẹnikẹ́ni bi í síwájú. Ní báyìí, ó rí i pé bí òun bá tún pa ẹnu mọ́, òun yóò pàdánù Dalys, kì í sì í ṣe ikú ni yóò gbà á lọ́wọ́ òun.

Ní ọjọ́ Ìṣẹ́gun kẹrin, ó kan ilẹ̀kùn.

“Mo rò pé o ti kú ni,” ni Dalys wí. Kò rẹ́rìn-ín.

“Mo fẹ́ fẹ́ ọ,” ni Egerton wí lórí ìdúró. “Ṣùgbọ́n má tíì dáhùn. Ìbéèrè tí o bi mí ló kọ́kọ́ kàn. Tí o bá gbọ́ ọ, ó lè má wù ọ́ láti jẹ́ orúkọ ilé wa.”

“Ṣé ìwọ lo ṣe é ni?”

“Èmi kọ́. Ṣùgbọ́n èmi ni mo bò ó mọ́lẹ̀.”

Dalys fà á wọ inú ilé. “Mo gbà láti fẹ́ ọ. Mo sì ṣì fẹ́ gbọ́ ọ. Èkíní ò dúró de èkejì.” Ó ṣí ilẹ̀kùn kọ́bọ́ọ̀dù. “Wọlé. Rọra o, má tẹ aṣọ mi mọ́lẹ̀.”

Àyè kò tó ẹni méjì níbẹ̀. Wọ́n fún ara wọn mọ́ra, èjìká kan èjìká. Dalys di ọwọ́ rẹ̀ mú, ó tẹ bọ́tìnnì tó ń ká ohùn sílẹ̀. Egerton tún ọ̀fun ṣe, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í sọ ọ́ bí ẹni ń ka ẹrù inú ọkọ̀:

“Ohun tí Josiah Lashley, bàbá bàbá mi, fi sílẹ̀ ní Barbados lọ́dún 1907, nígbà tó wá:

Ilé pákó oníyàrá kan, tí òrùlé rẹ̀ ń jò.

Àdá ìgé-ìrèké méjì.

Ewúrẹ́ dúdú kan.

Kóòtù tó fi ṣègbéyàwó.

Clementina, ìyàwó rẹ̀, tó ń retí lẹ́tà tí kò dé rí.

Ọmọkùnrin ọmọ ọdún mẹ́rin, tí wọ́n sọ ní Josiah.

Oyún oṣù méje.”