Àpọ́n La Kọ́kọ́ Ń Gbé Lọ

Ọjọ́ tí sájẹ́ńtì náà kọ́kọ́ dé iwájú tábìlì mi, ẹjọ́ ló wá rò.

"Akọ̀wé, ẹ kọ mí sí ẹnu géètì, ẹ tún kọ mí sí ẹ̀yìn káńtà, láàárọ̀ kan náà. Ṣé kí n la ara mi sí méjì ni?"

Mo wo ìwé, òótọ́ ni. Èmi ni mo ń pín iṣẹ́ fún gbogbo ọlọ́pàá àgọ́ wa, mo sì máa ń fọ́nnu pé n kì í ṣàṣìṣe. Ojú tì mí. Ó rẹ́rìn-ín, ibẹ̀ lọ̀rọ̀ wa ti bẹ̀rẹ̀.

Oṣù mẹ́jọ la fi ń fẹ́ra sọ́nà, ọkàn mi balẹ̀. Ni ìwé bá dé láti olú iléeṣẹ́: àgọ́ kan lẹ́nu ààlà kò ní sájẹ́ńtì, kí a fi ẹnì kan ránṣẹ́. Òfin wa ni pé àpọ́n la kọ́kọ́ ń gbé lọ. Òun nìkan sì ni àpọ́n nínú àwọn sájẹ́ńtì wa.

Ọjọ́ kejì ló ní kí n fẹ́ òun.

Inú mi dùn, ẹ̀rù sì bà mí. Ta ló fẹ́ gan-an, èmi ni àbí àgọ́ wa? Mo gbé ọ̀rọ̀ náà délé.

"Ọkùnrin ní òun fẹ́ ọ, o wá ń ṣe ìwádìí bí ọlọ́pàá," ni màmá mi wí. "Gbà, jàre!"

Ẹ̀gbọ́n mi obìnrin mirí. "Ẹni tí òjò lé wọlé, bí òjò bá dá, yóò jáde ni."

Èwo ni kí n gbọ́? Àwọn méjèèjì ló jọ pé wọ́n sọ òótọ́. Orí mi dàrú pátápátá.

Láàárọ̀ ọjọ́ kejì, mo kọ orúkọ rẹ̀ ránṣẹ́ sí ọ̀gá wa pé òun ni yóò lọ sẹ́nu ààlà. Ọ̀gá fọwọ́ sí i. Nígbà tí sájẹ́ńtì wá gba ìwé ìgbélọ rẹ̀, mo ń retí èébú. Ó kà á, ó bọwọ́ lù ú. Ìwé tí a bá sì ti bọwọ́ lù, kò sẹ́ni tó ń yí i padà.

"Ọ̀sẹ̀ méjì ló kù tí màá lọ," ó ní. "Ìgbéyàwó ò lè yọ mí mọ́. Olólùfẹ́ mi, ṣé wàá fẹ́ mi?"

Mo bú sẹ́kún. "Ṣé o ò bínú sí mi ni?"

"Mo bínú gan-an. Mo ṣì ń bi ọ́ léèrè."

Mo ní bẹ́ẹ̀ ni. Ọjọ́ Sátidé tó ṣáájú ìlọ rẹ̀ ni wọ́n so wá pọ̀. Nígbà tó di ọjọ́ Ajé, mo jókòó sídìí tábìlì mi, mo fi rúlà fa ìlà la orúkọ ọkọ mi já nínú ìwé tí mo fi ń pín iṣẹ́.