Iyọ̀ Inú Ẹ́ńjìnnì Ikúmápàyí

Ẹgbẹ́ Alájẹṣẹ́kù àwa apẹja àti ẹlẹ́ja ní Bàrígà ló ní kí n sọ ọ̀rọ̀ yìí fún gbogbo ẹni tó bá ní ọkọ̀ ẹlẹ́ńjìnnì. Wọ́n ní kí n rọra sọ ọ́. N kò ní rọra sọ ọ́. Inú ń bí mi, ẹ ó sì mọ ìdí rẹ̀ kí n tó dákẹ́.

Ìyá Bọ́dúndé ni wọ́n ń pè mí. Abúlé Òkúta ni mò ń gbé, ẹja ni mò ń tà. Ọwọ́ Leah, ìyàwó Ikúmápàyí, ni mo ti ń ra ẹja. Ìlàjẹ ni wọ́n, láti etí òkun ilẹ̀ Oǹdó, wọ́n sì ti pẹ́ ní èbúté wa. Bí ilẹ̀ bá ti mọ́, ẹ ó bá Leah nídìí ààrò tó fi ń yan ẹja, ẹ ó bá ọkọ rẹ̀ lórí ọkọ̀ níbi tó ti ń tún àwọ̀n ṣe.

Nígbà òjò èṣí ni Ikúmápàyí ra ọkọ̀ ńlá kan tí ẹ́ńjìnnì rẹ̀ wà nínú ikùn ọkọ̀, kì í ṣe irú èyí tí wọ́n ń so mọ́ ìdí. Gbogbo èbúté ló bá a yọ̀. Rájí, mẹkáníìkì ará Ìsẹ́yìn tó ní ṣọ́ọ̀bù ní Bajúláyé, ló bá a de ẹ́ńjìnnì náà mọ́lẹ̀.

Nígbà tí Rájí ṣe tán, kò lọ. Ó nu ọwọ́, ó kọjú sí Ikúmápàyí, ó ní, "Bàbá Ìbíyẹmí, ó ku nǹkan kan. Omi ọ̀sà ni ẹ́ńjìnnì yìí ń fà mu kí ara rẹ̀ má baà gbóná jù. Ó ń gba ibí wọlé, ó ń gba ẹ̀yìn jáde. Omi yẹn ní iyọ̀. Ẹ jẹ́ kí n gé páìpù yìí, kí n fi ẹ̀ka kan sí i, kí n fi táàpù sí ẹ̀ka náà. Bí ẹ bá ti ojú omi dé, ẹ ó ti ọ̀nà ọ̀sà pa, ẹ ó ṣí ẹ̀ka yìí, ẹ́ńjìnnì á mu omi kànga, á fi fọ inú ara rẹ̀."

Ikúmápàyí wò ó, ó bú sẹ́rìn-ín. Àwọn tó wà ní èbúté náà bá a rẹ́rìn-ín. Wọ́n kúkú mọ̀ pé Rájí kò mọ̀ wẹ̀. Bó bá wọ ọkọ̀, ọwọ́ méjèèjì ló fi ń di ẹ̀gbẹ́ ọkọ̀ mú.

"Rájí, ọ̀sà wo ló wà ní Ìsẹ́yìn?" ni Ikúmápàyí bi í. "Orí omi ni wọ́n bí èmi sí. Ìwọ lo wá fẹ́ kọ́ mi ní ọ̀rọ̀ omi?" Ó bẹ̀rẹ̀, ó fi ọwọ́ bu omi ọ̀sà, ó tọ́ ọ wò. "Iyọ̀ dà níbẹ̀? Omi dídùn ni."

"Òjò ló ń rọ̀, bàbá. Ẹ jẹ́ kí ẹ̀ẹ̀rùn dé ná."

"Ta ni yóò sì máa ru omi ọ̀hún? Omi tí Leah ń rù wálé láti kànga, tí a fi ń se oúnjẹ, ṣé òun ni kí n máa bù fún irin mu?"

Mo wà níbẹ̀. Mo ní, "Bó bá jẹ́ ti omi ni, àwa obìnrin á rù ú. Ṣé ẹ ti gbọ́ kí Leah ráhùn rí ni?"

Ó ní, "Ìyá Bọ́dúndé, ẹ lọ ta ẹja yín."

Mo lọ ta ẹja mi.

Òjò dá, ọyẹ́ dé. Ẹ̀yin tí ẹ ń gbé etí ọ̀sà, ẹ mọ̀ pé bí òjò bá ti lọ, omi òkun á máa wọ inú ọ̀sà wá. Ẹja tó ń wọ àwọ̀n gan-an á yí padà. Rájí tún wá, ó tún sọ ọ̀rọ̀ táàpù náà. Ikúmápàyí tún bu omi, ó tún tọ́ ọ wò. Ó ní ó dùn.

Kò sì purọ́. Ibẹ̀ gan-an ni ọ̀rọ̀ wà. Ẹni tí wọ́n ti ń fi omi òkun wẹ̀ fún láti kékeré, ahọ́n rẹ̀ kò ka iyọ̀ ọ̀sà sí nǹkan kan. Èmi ọmọ ilẹ̀ Ọ̀yọ́, bí mo bá fi ẹnu kan omi ọ̀sà lásìkò ọyẹ́, mo máa ń tutọ́ ni. Lẹ́nu Ikúmápàyí, omi tí kò bá ti tó ti òkun, omi dídùn ni. Ẹ́ńjìnnì kò ní ahọ́n Ìlàjẹ.

Kò pẹ́ tí omi tó ń jáde lẹ́yìn ọkọ̀ fi bẹ̀rẹ̀ sí í tín-ín-rín. Oru ń rú jáde pẹ̀lú rẹ̀. Leah rí i, ó sì sọ fún ọkọ rẹ̀. Ọkọ rẹ̀ ní ọyẹ́ ló ń mú ẹ́ńjìnnì wúkọ́, pé èèyàn pàápàá ń wúkọ́ nínú ọyẹ́. Ẹ gbọ́ ọ̀rọ̀ o.

Ìbíyẹmí ni àkọ́bí wọn. Ó wà nílé ọkọ ní abúlé apẹja kan lódì kejì ọ̀sà, níbi tí mọ́tò kò dé. Oyún rẹ̀ àkọ́kọ́ ló wà nínú rẹ̀. Láàárọ̀ ọjọ́ kan, àbúrò ọkọ rẹ̀ wa ọkọ̀ kékeré dé èbúté wa. Ó ní Ìbíyẹmí ti ń rọbí láti àná, agbẹ̀bí sì ti ní ọ̀rọ̀ náà ju agbára òun lọ, kí wọ́n tètè gbé e lọ sí ọsibítù.

Ọkọ̀ ta ni yóò gbé e bí kò ṣe ọkọ̀ bàbá rẹ̀? Ikúmápàyí tan ẹ́ńjìnnì, èmi àti Leah bọ́ sínú ọkọ̀. Àlọ wa dára. Nígbà tí a débẹ̀, a tẹ́ ẹní sínú ọkọ̀, a gbé Ìbíyẹmí sórí rẹ̀, ọkọ rẹ̀ di orí rẹ̀ mú. Agbẹ̀bí ní, "Ẹ má jẹ́ kó pẹ́ o. Ọmọ náà ṣì ń mira."

Àárín ọ̀sà la wà tí mo gbọ́ òórùn rọ́bà tó ń jóná. Èéfín sọ. Ẹ́ńjìnnì dún bí ẹni tí egungun há lọ́fun, ó sì kú. Ikúmápàyí gbá a mú kó fi ọwọ́ yí i, àwọ̀ àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀ bó sára irin. Irin náà kò yí.

Afẹ́fẹ́ dojú kọ wá. Ọkọ̀ náà wúwo, àjẹ̀ kan ṣoṣo ló sì wà nínú rẹ̀, torí ẹni tó ní ẹ́ńjìnnì kì í ka àjẹ̀ sí mọ́. Ikúmápàyí fi ọwọ́ tó ti bó wà á. Ọkọ Ìbíyẹmí gbà á nígbà tó rẹ̀ ẹ́. A ń rí ilẹ̀ Bàrígà lókèèrè, a kò sì sún mọ́ ọn. Ìbíyẹmí di ọwọ́ mi mú, ó ń bi mí, "Ìyá Bọ́dúndé, ṣé a ti ń dé?" Mo ní a ti ń dé. Ó bi mí títí tí kò fi lè bi mí mọ́.

Ọkọ̀ àwọn tó ń wa yanrìn ló rí wa, tó fi okùn fà wá. Oòrùn ti ń wọ̀ kí a tó gúnlẹ̀, kí a tó rí mọ́tò. Ní ọsibítù, nọ́ọ̀sì gbé etí lé ikùn Ìbíyẹmí. Ó tún gbé etí lé e.

Wọ́n gba Ìbíyẹmí là. Ọmọ náà, ọkùnrin, kò ké.

Nígbà tí a gbé Ìbíyẹmí dé ilé bàbá rẹ̀, àwọn èèyàn wá kí wọn. Ẹ̀gbọ́n Ikúmápàyí obìnrin jókòó, ó mi orí. "Ayé ni," ló wí. "Ẹ́ńjìnnì tuntun kì í ṣàdédé kú lórí omi."

Ẹnì kan ní, "Ṣebí Rájí ti sọ pé nǹkan á ṣe é? Òun ló fẹnu pè é."

Bí àwọn géńdé kan ṣe dìde nìyẹn, wọ́n ní àwọn ń lọ bá Rájí ní Bajúláyé. Mo wo Ikúmápàyí kó sọ pé kí wọ́n jókòó. Kò sọ nǹkan kan. Ohun tó bí mi nínú jù nínú gbogbo rẹ̀ nìyẹn. Ọkùnrin tó kìlọ̀ fún un lẹ́ẹ̀mejì ni wọ́n fẹ́ lọ lù, ó sì dákẹ́.

Leah ló dìde. Ó gbé ìkòkò, ó rìn wọ inú ọ̀sà dé orúnkún, ó bu omi, ó gbé e ka iná ààrò ẹja. Ó kọjú sí àwọn géńdé náà. "Ẹ jókòó. Ẹ ó lọ bí mo bá ṣe tán."

Wọ́n jókòó. Bí omi náà ṣe ń gbẹ ni Leah ń bu òmíràn sí i. Àwọn àgbà Ìlàjẹ tó wà níbẹ̀ ti mọ ohun tó ń ṣe, ojú sì ti ń tì wọ́n. Létí òkun, iṣẹ́ ìyá wọn ni kí wọ́n se omi òkun títí tí yóò fi di iyọ̀. Leah bá ìyá rẹ̀ ṣe é nígbà tó wà lọ́mọbìnrin.

Nígbà tí ìkòkò gbẹ, ó fi ṣíbí ha ìdí rẹ̀. Ó da ohun funfun tó rí níbẹ̀ sí àtẹ́lẹwọ́ ọkọ rẹ̀, èyí tí kò bó. N kò gbọ́ kí Leah fi "o" pe ọkọ rẹ̀ rí, àfi ọjọ́ náà.

"Ayé tí wọ́n ń wí nìyí. Tọ́ ọ wò."

Ikúmápàyí tọ́ ọ wò. Ojú rẹ̀ sún kì.

"Kí ni?"

"Iyọ̀ ni."

"Níbo ni mo ti bu ú?"

"Nínú ọ̀sà."

"Ṣé Rájí ló lọ dà á síbẹ̀?" Leah na ọwọ́ sí ààrò. "Bí iná yìí ṣe gbóná ni inú ẹ́ńjìnnì rẹ gbóná. Bí mo ṣe se iyọ̀ yìí ni ìwọ náà ti ń sè é nínú páìpù láti ìgbà tí òjò ti dá. O sè é títí ó fi dí ọ̀nà omi. O sè é títí a fi sin ọmọ ọmọ wa."

Ẹ̀gbọ́n Ikúmápàyí dìde, ó lọ sílé. Àwọn géńdé kò lọ sí Bajúláyé mọ́.

Rájí fúnra rẹ̀ ló wá láàárọ̀ ọjọ́ kejì láti wá kí wọn. Ikúmápàyí bẹ̀ ẹ́ kó ṣí ẹ́ńjìnnì náà, ó sì ṣí i lójú gbogbo wa. Iyọ̀ àti ìpẹtà ti dì nínú páìpù débi pé ẹyọ ìgbálẹ̀ kan kò lè gba ibẹ̀ kọjá. Rọ́bà inú pọ́ǹpù tó ń fa omi ti ya jálajàla. Rájí fọ gbogbo rẹ̀, ó pààrọ̀ èyí tó bàjẹ́, ó fi ẹ̀ka páìpù náà sí i, ó fi táàpù kan sí ọ̀nà ọ̀sà, òmíràn sí ọ̀nà omi kànga. Ó gbé dúrọ́ọ̀mù omi kànga sórí pèpéle onígi kan ní èbúté tó ga ju ẹ́ńjìnnì lọ, kí omi lè máa ṣàn wá fúnra rẹ̀.

Adéjìmí, tí òun náà ní irú ọkọ̀ bẹ́ẹ̀, bi í léèrè. "Ṣé n kò kàn lè máa rọ omi sí i nígbà tí ẹ́ńjìnnì bá ń sinmi?"

"Ẹ má dán an wò," ni Rájí wí. "Bí kò bá ṣiṣẹ́ tí ẹ ń da omi sí i, omi á kún ọ̀nà tí èéfín ń gbà jáde, á padà wọ inú ẹ́ńjìnnì, á bà á jẹ́ pátápátá. Ẹ kọ́kọ́ so ọkọ̀ mọ́lẹ̀, kí ẹ pa ẹ́ńjìnnì. Ẹ ti ọ̀nà ọ̀sà pa, ẹ ṣí ti dúrọ́ọ̀mù, ẹ tan ẹ́ńjìnnì lójú ẹsẹ̀. Ẹ jẹ́ kó máa ṣiṣẹ́ jẹ́jẹ́."

"Báwo ni n ó ṣe mọ̀ pé iyọ̀ ti tán? Ṣé kí n tọ́ ọ wò ni?"

Kò sẹ́ni tó rẹ́rìn-ín.

"Ẹ má fi ahọ́n ṣe é," ni Rájí wí. "Ẹ jẹ́ kí omi dúrọ́ọ̀mù fẹ́rẹ̀ẹ́ tán. Ṣùgbọ́n kó má tán o, torí rọ́bà pọ́ǹpù kò gbọdọ̀ yí láìsí omi. Ẹ pa ẹ́ńjìnnì ná, kí ẹ tó ti táàpù dúrọ́ọ̀mù. Bí ẹ bá sì tún ń lọ sójú omi, ẹ rántí ṣí ọ̀nà ọ̀sà kí ẹ tó tan án. Ẹni tó bá gbàgbé, á jó o láàárín ìṣẹ́jú díẹ̀."

Lọ́sẹ̀ tó tẹ̀ lé e, Adéjìmí, tí Rájí ti fi táàpù sí ẹ́ńjìnnì tirẹ̀ náà, ti ojú omi dé, ó so ọkọ̀ rẹ̀, ó ń lọ sílé. Mo bi í pé omi ẹ́ńjìnnì ńkọ́. Ó ní ó di ọ̀la, pé omi wọ́n nílé. Kí n tó la ẹnu bú u, Ìbíyẹmí ti dìde nídìí ààrò ìyá rẹ̀. Aṣọ tí wọ́n fi dè é níkùn ṣì wà lára rẹ̀. Ó gbé korobá omi mímu ìyá rẹ̀, ó gbé e lọ síwájú Adéjìmí, ó gbé e kalẹ̀.

"Ẹ fún un mu, bàbá," ló wí.

Adéjìmí padà sínú ọkọ̀ rẹ̀.

Nítorí náà, ẹ̀yin ọlọ́kọ̀ Bàrígà, Ṣómólú àti gbogbo etí ọ̀sà, ẹ lọ rí mẹkáníìkì kí òjò tó dá. Ẹ jẹ́ kó fi táàpù omi kànga sí ẹ́ńjìnnì yín, kó sì kọ́ gbogbo ẹni tó ń wa ọkọ̀ náà bí wọ́n ṣe ń lò ó. Ẹ fọ ẹ́ńjìnnì nígbàkígbà tí ẹ bá gúnlẹ̀, kí ẹ tó lọ jẹun. Bí omi ẹ̀yìn ọkọ̀ bá tín-ín-rín, ẹ má gbé èèyàn mọ́ títí ẹ ó fi ṣí i wò. Ẹ máa fi àjẹ̀ tó pọ̀ sínú ọkọ̀. Bó bá bàjẹ́, ẹ má pariwo ayé, ẹ má sì lọ ká ẹnikẹ́ni mọ́lé.

Bí ẹ bá sì ní omi wọ́n, ẹ wá sọ ọ́ lójú Ìbíyẹmí.