Ìyá Àgbà àti Òdòdó Pupa

Òdòdó náà kọ̀yìn sí oòrùn. Ayàwòrán gbé ìkòkò rẹ̀ sójú fèrèsé, ó yí i síbí, ó yí i sọ́hùn-ún, àwọn òdòdó pupa mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ṣáà ń yíjú padà sọ́dọ̀ rẹ̀. Ẹlòmíràn ì bá ti fẹsẹ̀ fẹ́ ẹ. Òun kọ́! Òfíntótó ọmọ; ńṣe ló fa àga súnmọ́ ọn.

Ìyá àgbà kan ló gbé e wá fún yíyà. Bí wọ́n ṣe ń ya ewéko níbi iṣẹ́ wọn nìyí: ìrudi tí kò tíì là, òdòdó tó ti là, àti èyí tó ti rọ, gbogbo wọn á wà lórí bébà kan, kí ẹni tó bá wò ó lè rí ayé rẹ̀ tán. Eléyìí ò ní ìrudi. Apá òsì bébà sì ṣófo, kò dùn ún wò. Ayàwòrán bá fi ìrudi kan dí i, láti inú orí ara rẹ̀.

Nígbà tó fọ búrọ́ọ̀ṣì tán, ìrudi ti yọ lára òdòdó gan-an, níbi tó yà á sí gẹ́lẹ́.

"Yéè! Kí lèyí?"

Ọ̀sán ni ìyá àgbà wọlé. Ó rí ìrudi, ó rẹ́rìn-ín músẹ́. "Ìyàwó àkọ́bí mi lóyún. Àárọ̀ yìí la gbọ́."

"Mama, ọmọ mélòó lẹ bí?"

"Mẹ́ta. Ẹnì kọ̀ọ̀kan wa ló ní òdòdó tirẹ̀ níbẹ̀; èmi lèyí tó tóbi nísàlẹ̀ yẹn." Ó rẹ ohùn sílẹ̀. "Àbíkẹ́yìn mi wà ní ọsibítù, kò lajú mọ́. Tí o ò bá ya èyí tó rọ, òdòdó á fúnra rẹ̀ mú ẹni tó wù ú. Jọ̀ọ́, fi mí ṣe é."

"Ẹ̀rù ń bà mí, Mama. Mi ò lè ṣe é."

"Wòkè."

Òdòdó tó kéré jù ti ń tẹrí ba.

Ayàwòrán mú búrọ́ọ̀ṣì. Ó fi àwọ̀ ilẹ̀ kun òdòdó ńlá náà lórí bébà, ewé òdòdó kan tẹ̀lé èkejì. Nígbà tó ku ewé kan, àánú ṣe é. Ó fi í sílẹ̀ ní pupa.

Fóònù dún nínú báàgì ìyá àgbà. Kò gbé e. Ayàwòrán ju búrọ́ọ̀ṣì sórí tábìlì, ó gbé e.

"Màámi! Àbúrò mi ti lajú o! Omi ló ń bèèrè!"

"Mama, ẹ gbọ́?"

Mama ti fẹ̀yìn ti àga, kò mí mọ́. Ayàwòrán fọwọ́ kàn án: ojú, ọrùn, ẹsẹ̀, gbogbo rẹ̀ ti tutù. Ọwọ́ òsì nìkan ló gbóná, bí ewé òdòdó kan tó ṣẹ́kù ní pupa. Ó gbá ọwọ́ ayàwòrán mú, ó ń fún un gírígírí, búrọ́ọ̀ṣì sì wà ní òdìkejì tábìlì, níbi tí ọwọ́ kejì ayàwòrán ò tó.