Màlúù Mẹ́rin Tó Forí Ti Ògiri

"Àbùmọ́! Wá wo nǹkan! Ìwọ Àbùmọ́, tètè máa bọ̀!"

Jẹ́jẹ́ ló ń pariwo bẹ́ẹ̀. Ẹni tó bá mọ Jẹ́jẹ́ á mọ̀ pé kì í pariwo rárá. Bí iná bá ń jó ẹ̀wù lọ́rùn rẹ̀, yóò kọ́kọ́ tọrọ gáfárà kó tó sọ fún ẹnikẹ́ni. Ṣùgbọ́n láàárọ̀ ọjọ́ Ẹtì yẹn, ohùn rẹ̀ la ọgbà ẹran já bí ìgbà tí atẹ́gùn ń fa páànù ya. Mo ju búrọ́ọ̀ṣì ìfọyín nù, mo sá dé ọ̀dọ̀ rẹ̀ pẹ̀lú ìfófòó ọṣẹ lẹ́nu.

Oòrùn ti yọ. Ilẹ̀ ti mọ́ kedere, kò sí kọ̀rọ̀ kan tí nǹkan lè sá pamọ́ sí. Ohun tí mo rí nínú ọgbà wa lọ́jọ́ yẹn, mi ò bù mọ́ ọn o. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ mọ̀ mí, ẹ jọ̀ọ́, ẹ gbà mí gbọ́ lẹ́ẹ̀kan péré láyé yín.

Àwọn màlúù wa mẹ́rẹ̀ẹ̀rin tò sí ìlà kan, wọ́n kọ̀yìn sí wa, wọ́n fi iwájú orí ti ògiri bulọ́ọ̀kù. Wọn ò jẹun. Wọn ò ju ìrù. Wọ́n kàn ń ti ògiri náà ni, jẹ́ẹ́, láìdáwọ́ dúró, bí ẹni tó mọ̀ pé ilẹ̀kùn kan wà níbẹ̀ tí àwa ò rí. Eṣinṣin bà lé ojú Olóyè, èyí tó tóbi jù nínú wọn. Ó rìn gba orí ẹyinjú rẹ̀ láti igun kan dé ìkejì. Ojú náà là sílẹ̀ gbàgà, kò ṣẹ́.

Jẹ́jẹ́ gbá mi lápá mú.

"Ohun tó o sọ ló dé yìí," ó ní. "Baba tó ń kọjú sógiri ti dé."

Orí mi wú, ó tó agbọ̀n. Kì í ṣe nítorí pé mo gba baba náà gbọ́ o. Nítorí pé èmi fúnra mi ni mo fi ẹnu ara mi dá a ni, lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun, níbi tí mo ti ń jẹ gúgúrú.

Ẹ jẹ́ kí n sọ ọ́ láti ìdí. Ọdún kẹta la wà nílé ẹ̀kọ́ ìṣègùn ẹran. Lọ́dọọdún ni ilé ẹ̀kọ́ wa máa ń ṣe ìdíje àbọ́sanra. Ẹgbẹ́ mẹ́rin ló ń bára wọn díje, akẹ́kọ̀ọ́ mẹ́ta nínú ẹgbẹ́ kọ̀ọ̀kan, akọ màlúù mẹ́rin fún ẹgbẹ́ kọ̀ọ̀kan. Wọ́n á gbé àwọn ẹran sórí òṣùwọ̀n lọ́jọ́ àkọ́kọ́, a ó bọ́ wọn fún àádọ́rùn-ún ọjọ́, wọ́n á tún wọ̀n wọ́n. Ẹgbẹ́ tí kílò ẹran rẹ̀ bá lé sí i jù ló gbégbá orókè.

Má-rẹ́rìn-ín ni olórí ẹgbẹ́ tiwa. Ọmọbìnrin ni, ìnagijẹ yẹn sì bá a mu wẹ́kú: ọjọ́ tó bá rẹ́rìn-ín, yìnyín á já bọ́ lójú oòrùn. Òun ló ń ṣírò oúnjẹ, àgbàdo lílọ̀ báyìí, eèrí báyìí, ewé ẹ̀pà gbígbẹ báyìí. Jẹ́jẹ́ ló ni iṣẹ́ omi. Èmi ló ni kíkó ìgbẹ́, gbígbé oúnjẹ lọ fún wọn, àti pípa gbogbo ayé lẹ́rìn-ín.

Nígbà tó ku ọ̀sẹ̀ kan, wọ́n wọ̀n wọ́n wò, ipò kẹta la wà. Ipò kẹta kò burú. Ohun tó burú ni pé mo ti sọ fún màmá mi, tó ń ránṣọ nílé, pé àwa la wà níwájú. Mo ní màlúù wa ti tóbi débi pé wọ́n fẹ́ wó ẹnu ọ̀nà fẹ̀ sí i fún wọn. Mo ní bí Olóyè bá dìde láàárọ̀, òjìji rẹ̀ ń bo kíláàsì mẹ́ta, wọ́n ní láti tan iná kí wọ́n tó lè kọ́ni. Màmi rẹ́rìn-ín títí, ó sì sọ fún gbogbo oníbàárà rẹ̀. Nígbà tó di ọjọ́ Ajé, ó pè mí lórí fóònù.

"Ọmọ mi, mo ti sọ fún àwọn aláṣọ pé mi ò ní ṣí ṣọ́ọ̀bù lọ́jọ́ Ẹtì o. Mò ń bọ̀ wá wo ìwọ̀n yẹn. Mo ti rán aṣọ tí mo máa wọ̀."

"Ẹ má dààmú ara yín, Màmi. Ọ̀nà jìn."

"Ọ̀nà wo ló jìn? Ṣé ọ̀nà ibi tí ọmọ mi ti fẹ́ gba ipò kìíní ló jìn?"

Ẹnu àìmẹ́nu, ètè àìmétè, ní í mú ọ̀ràn bá ẹ̀rẹ̀kẹ́. Ibi tí mo ti ń wá ọ̀nà àbáyọ ni mo ti rántí ọ̀rọ̀ ẹnì kan tó ti jáde nílé ẹ̀kọ́ wa. Ó ní tí èèyàn bá da iyọ̀ sí oúnjẹ màlúù, tó sì ti ẹ̀rọ omi pa fún ọjọ́ méjì, tó wá ṣí i padà láàárọ̀ ọjọ́ ìwọ̀n, màlúù kan á gbé ogójì lítà omi mì láìmí. Ogójì lítà, ogójì kílò. Òṣùwọ̀n kò sì mọ̀yàtọ̀ láàárín ẹran àti omi.

Jẹ́jẹ́ nìkan ló dí mi lọ́wọ́. Ẹ̀ẹ̀mẹta lójúmọ́ ló ń lọ wo ọpọ́n omi. Ojo sì ni. Ẹyẹ àparò bà lé fèrèsé rẹ̀ nígbà kan, abẹ́ bẹ́ẹ̀dì la ti fà á jáde. Bí mo ṣe jókòó tì í nìyẹn.

"Jẹ́jẹ́, ṣé o mọ̀ pé ẹnì kan kú sínú ọgbà wa yìí?"

"Ta ni?"

"Baba kan tó ń ṣọ́ ẹran kí wọ́n tó bí wa. Lóòró ló kú, ó kọjú sí ògiri ẹ̀yìn yẹn. Ó ṣì ń padà wá. Ẹran tó bá rí i, òun náà á lọ forí ti ògiri. Bó o bá pè é, kò ní dáhùn. Tí baba yẹn bá wá yíjú padà..."

"Tó bá yíjú padà ńkọ́?"

"Àwọn tó rí ojú ẹ̀ ò tíì padà wá sọ."

Mo ní kó máa lọ kàwé ìdánwò rẹ̀, pé màá bá a wo omi títí di ọjọ́ Ẹtì. Ó ní, "Ọlọ́run á bù kún ẹ, Àbùmọ́." Ó ń dúpẹ́ lọ́wọ́ mi!

Má-rẹ́rìn-ín ní tiẹ̀ ti ara rẹ̀ mọ́ yàrá, ó ń kọ ìròyìn tí a máa kà níwájú àwọn adájọ́. Bí mo ṣe ráyè nìyẹn. Láàárọ̀ ọjọ́ Rú, mo po iyọ̀ mọ́ oúnjẹ, iyọ̀ tó lè sọ odò di òkun. Mo ti ẹ̀rọ omi pa.

Lọ́sàn-án Ọjọ́bọ̀, mo gba ẹ̀yìn ọgbà kọjá. Mo gbọ́ ìró kan, ràà, ràà, bí ẹni ń fi yanrìn fọ ìkòkò. Ahọ́n wọn ni. Wọ́n ń lá ìsàlẹ̀ ọpọ́n tó ti gbẹ. Nígbà tí wọ́n rí mi, ìró náà dá, àwọn mẹ́rẹ̀ẹ̀rin sì gbé orí sókè lẹ́ẹ̀kan náà. Mo rìn lọ sọ́tùn-ún, orí mẹ́rin tẹ̀ lé mi. Mo rìn lọ sósì, orí mẹ́rin tẹ̀ lé mi. Kò sí èyí tó ké. Mo fi wọ́n ṣẹ̀fẹ̀, mo ní, "Ẹ má wò mí bíi pé mo jẹ yín lówó." Ohùn mi kọ lu ògiri, ó padà wá bá mi, kò sì jọ ohùn mi. Mo yára kúrò níbẹ̀.

Kí ilẹ̀ tó mọ́ dáadáa lọ́jọ́ Ẹtì, mo ṣí ẹ̀rọ omi. Wọ́n mu, wọ́n mu, wọn ò gbórí sókè. Ikùn wọn wú bíi táyà ọkọ̀ akẹ́rù. Mo rẹ́rìn-ín, mo padà lọ sùn. Ìgbà tí mo jí, tí mo ń fọ eyín, ni Jẹ́jẹ́ pariwo.

Ká tó wí ká tó fọ̀, Má-rẹ́rìn-ín ti dé, Dókítà olùkọ́ wa sì tẹ̀ lé e. Dókítà ju ọwọ́ níwájú ojú Olóyè bí ẹni fẹ́ gbá a létí. Kò ṣẹ́jú.

"Kò ríran mọ́," ó ní. Ó ju ọwọ́ níwájú èkejì, àti ìkẹta. "Wọn ò ríran."

Ìkẹrin fi ògiri sílẹ̀, ó bẹ̀rẹ̀ sí í yí po, yí po, lójú kan náà, ó ń lọ eyín rẹ̀ kẹ̀rẹ̀kẹ̀rẹ̀. Gbogbo ọgbà dákẹ́ débi pé ìró eyín yẹn nìkan là ń gbọ́.

"Ẹ kúrò níbẹ̀!" Dókítà kígbe. "Kẹ́nikẹ́ni má fọwọ́ kàn wọ́n. Ó lè jẹ́ dìgbòlugi. Bó bá jẹ́ òun ni, a ó pa mẹ́rẹ̀ẹ̀rin lónìí, ẹ̀yin mẹ́tẹ̀ẹ̀ta á sì gba abẹ́rẹ́. Ó sì lè jẹ́ iyọ̀ àti òùngbẹ, ìyẹn ní ìtọ́jú. Ta ló ń bójú tó omi?"

"Èmi ni, sà," Jẹ́jẹ́ dáhùn.

"Ṣé omi gbẹ rí lọ́sẹ̀ yìí?"

Jẹ́jẹ́ wò mí. Ojú tó fi wò mí, mo ṣì ń rí i. Kò wo ọpọ́n omi láti ọjọ́ Ìṣẹ́gun, ṣùgbọ́n mo ti sọ fún un pé mò ń wò ó, ó sì gbà mí gbọ́.

"Rárá, sà. Kò gbẹ."

Dókítà mí kanlẹ̀. "Ó ṣe o. A jẹ́ pé ká pe àwọn tó máa pa wọ́n." Ó yọ fóònù. Má-rẹ́rìn-ín gbé garawa omi kan, ó ní ó kéré tán kí àwọn ẹran náà mu omi ìkẹyìn.

Ìgbà yẹn ni mo gbọ́ ohùn màmá mi lẹ́nu géètì. "Ọmọ mi dà? Èwo ni tiwa níbẹ̀?" Aṣọ tuntun ló wọ̀, ó ń rẹ́rìn-ín, ó ń juwọ́ sí mi.

Ẹnu mi, ẹnu tí kì í sinmi, wá di òkúta. Bí mo bá sọ̀rọ̀, màmi á gbọ́. Bí mi ò bá sọ̀rọ̀, wọ́n á pa mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, Jẹ́jẹ́ ló sì máa ru ẹ̀bi omi bí àṣírí bá tú. Mo dúró. Mo ka ení, mo ka èjì. Bí mo ṣe dúró bẹ́ẹ̀ ni Olóyè ṣubú lulẹ̀ gbì. Ó nà gbalaja, ẹsẹ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin wá ń sáré nínú afẹ́fẹ́, bí ẹni tí nǹkan ń lé níbi tí kò sí ọ̀nà.

"Iyọ̀ ni, sà!" Ọ̀rọ̀ náà já jáde. "Èmi ni mo da iyọ̀ sóúnjẹ wọn. Èmi ni mo ti omi pa fún ọjọ́ méjì. Àárọ̀ yìí ni mo ṣí i, wọ́n sì mu ún yó. Jẹ́jẹ́ ò mọ nǹkan kan."

Dókítà fò, ó fi ẹsẹ̀ gbá garawa ọwọ́ Má-rẹ́rìn-ín dànù. "Omi yẹn gan-an ló ń pa wọ́n! Iyọ̀ ti wọ ọpọlọ wọn. Bí omi bá ya dé lójijì, ọpọlọ á wú, agbárí ò sì ní gbà á. Díẹ̀díẹ̀ ló yẹ kí omi padà. Ẹ ti ẹ̀rọ yẹn pa!"

Jẹ́jẹ́ bèèrè ní ohùn kékeré pé, "Baba tó ń kọjú sógiri ńkọ́?"

"Baba wo?" ni Dókítà wí.

Mo ní láti sọ ìyẹn náà, lójú màmá mi. Dókítà bi mí léèrè:

"Níbo lo ti gbọ́ pé ẹran máa ń forí ti ògiri?"

"Mi ò mọ̀, sà. Mo kàn dá a sílẹ̀ ni."

"O ò dá a sílẹ̀. Kíláàsì mi lo ti gbọ́ ọ, níbi tó o sùn sí lórí àga ẹ̀yìn. Mo ní ẹran tí ọpọlọ rẹ̀ ń wú á máa forí ti ògiri. O gbọ́ ìdajì ẹ̀kọ́, o fi dá iwin."

Otútù mú mi nínú oòrùn. Ká ní baba kan wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri yẹn lóòótọ́, ọkàn mi ì bá balẹ̀ díẹ̀. Ṣùgbọ́n kò sí ẹnì kankan níbẹ̀. Èmi nìkan ni.

Olóyè kú kí aago mẹ́wàá tó lù. Èyí tó ń yí po kú lọ́sàn-án. Wọ́n yọ ẹgbẹ́ wa kúrò nínú ìdíje. Má-rẹ́rìn-ín ka ìròyìn rẹ̀ síbẹ̀síbẹ̀, oṣù mẹ́ta iṣẹ́, ó kà á títí dé ìlà tó kẹ́yìn láìjẹ́ kí ohùn rẹ̀ gbọ̀n, lẹ́yìn náà ló sunkún nínú yàrá oúnjẹ ẹran. Ilé ẹ̀kọ́ dá mi dúró fún ọdún kan gbáko. Jẹ́jẹ́ kò bú mi. Láti ìgbà náà, orúkọ àbísọ mi ló kàn ń pè mí, kò pè mí ní Àbùmọ́ mọ́, ìyẹn sì dùn mí ju èébú lọ.

Kí n tó kó ẹrù mi, Dókítà ní èmi ni màá fún méjì tó kù lómi: ife kan, kí n dúró, ife kan, kí n tún dúró. Ohun tí a bá fi ẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́. Màmi yí garawa dé, ó fi aṣọ tuntun rẹ̀ jókòó lé e, ó ń bá mi wo aago. Ó wá bi mí pé:

"Ká ní o sọ fún mi pé ipò kẹta lẹ wà, ṣé o rò pé mi ò ní wá?"

Mo bu ife tó kàn.

"Màlúù kọ́ ni mo wá wò, ọmọ mi. Ìwọ ni."

Àwọn méjì náà yè é. Lọ́jọ́ kẹta, wọ́n fi ògiri sílẹ̀, wọ́n wá oúnjẹ lọ. Ṣùgbọ́n méjì tó kú ti kú. Ẹ̀yin ọmọ ilé ìwé tẹ́ ẹ̀ ń ka èyí, bí ìdánwò tàbí ìdíje bá ń dẹ́rù bà yín, ẹ gba ipò tó bá tọ́ sí yín, ẹ sì sọ ọ́ bó ṣe rí fún àwọn tó fẹ́ràn yín. Àṣejù, baba àṣetẹ́ ni. Bẹ́ ẹ bá sì ti ṣìṣe, ẹ tètè jẹ́wọ́. Èmi ka ení, mo ka èjì kí n tó lanu, ẹran tí kò mọwọ́ mẹsẹ̀ ló fi ẹ̀mí dí i.